Bí Owó Kò Bá Wọlé, Ta Ni Kí Ó Dúró Dè É?

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà ńlá mẹ́rin tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì gba abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Abidjan. Iṣẹ́ báńkì dẹnu kọlẹ̀ ní Nàìjíríà níhìn-ín. Kí ló kan Itele kan Abidjan? Ó kàn wá o.

Ẹ wo ẹni tó dá nìkan ń ta ìrẹsì. Oníbàárà fi owó ránṣẹ́. Fóònù tirẹ̀ ní owó ti lọ, ti ọlọ́jà kò dún. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ta ni kí ó dúró de owó náà?

Àwọn kan ní kí ọlọ́jà gbà á gbọ́, kí ó jẹ́ kó gbé e lọ. Ó dùn-ún sọ! Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Ọ̀tà ní akọ̀wé tí wọn yóò rán. Ẹni tó dá ṣòwò, bí ó bá lọ bá báńkì jà, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ yóò wà ní títì. Èrò tiwa ni pé kí oníbàárà fi ìrẹsì náà sílẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára, títí owó yóò fi wọlé.

Bí ebi bá wà nílé rẹ̀ ńkọ́? Ìyẹn le. Ọlọ́jà lè bù fún un; àánú ni, kí oníbàárà má fi ìjà bèèrè rẹ̀.