Orí, Ẹsẹ̀ àti Kámẹ́rà tí Omi Kò Lè Wọ̀: Ìbéèrè lórí Yíyàn

Ìbéèrè kan wà nínú ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ Yorùbá tí àwọn onímọ̀ kò tíì fohùn ṣọ̀kan lé lórí: bí ènìyàn bá mú ohun kan láàárín ọ̀pọ̀, tí kò sì ní ọ̀nà láti mọ inú rẹ̀, ṣé a lè sọ pé ó yàn án ní tòótọ́, kí a sì di ẹ̀bi àbájáde rẹ̀ rù ú? Ọ̀rọ̀ orí inú, èyí tí a gbà pé ó ń darí ìgbésí ayé ẹ̀dá, ni wọ́n sábà máa ń fi yẹ ìbéèrè yìí wò, ṣùgbọ́n ó ń jẹyọ pẹ̀lú nínú àwọn ìpinnu tí kò tó ti orí í yàn. Ọ̀kan nínú wọn ni ìpinnu arìnrìn-àjò tí ó fẹ́ gbéra láti Mando, ní ìlú Kàdúná, lọ wo omi Matsirga tí ń já bọ́ láti orí àpáta nítòsí Kafanchan, tí ó sì ń wá kámẹ́rà kékeré tí omi, eruku àti ìṣubú kò ní tètè bà jẹ́.

Nínú ìtàn tí Wándé Abímbọ́lá, onímọ̀ nípa Ifá, gbé jáde láti inú Ògúndá Méjì, ọ̀kan lára ojú odù mẹ́rìndínlógún Ifá, ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń ti òde ọ̀run bọ̀ wá sí ayé. Oríṣeékù ọmọ Ògún àti Orílèémèrè ọmọ Ìja lọ tààrà sí ilé Àjàlá, alámọ̀ tí ń mọ orí, wọ́n sì mú èyí tí ó wù wọ́n lójú, láìmọ̀ pé amọ̀ rẹ̀ kò jinná; bí òjò ti ń pa wọ́n lọ́nà ni orí náà ń yìnrìn. Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ Ọ̀rúnmìlà bàbá rẹ̀, ó rúbọ, ó fi iyọ̀ ta oníbodè Àjàlá lọ́rẹ, ó sì san gbèsè tí ó wà lọ́rùn Àjàlá, nítorí náà alámọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó bá a fi ọ̀pá irin yẹ àwọn orí wò títí wọ́n fi rí èyí tí ó le dáadáa. Òjò kan náà ni ó pa àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ṣẹ́gun Gbàdégẹṣin, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ Yorùbá tí ó jáde ní 1991, béèrè bóyá irú yíyàn bẹ́ẹ̀ tó yíyàn, níwọ̀n ìgbà tí ẹni tí ń yàn kò mọ ohun tí ó wà nínú orí kọ̀ọ̀kan. Àtakò náà lágbára, síbẹ̀ ìtàn náà fúnra rẹ̀ fi hàn pé ìmọ̀ wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá béèrè, àti pé ìwádìí ni ó ya Afùwàpẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ẹni tí ń ra kámẹ́rà lónìí ní ọ̀pá irin tirẹ̀. IEC, àjọ àgbáyé tí ń gbé ìlànà kalẹ̀ fún ohun èlò oníná, ní ìlànà kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 60529, èyí tí ó ń fi lẹ́tà IP àti nọ́ńbà méjì sọ bí ẹ̀rọ ti ní ààbò tó: èkíní jẹ mọ́ eruku, 6 sì ni òpin rẹ̀, èkejì jẹ mọ́ omi, tí 7 dúró fún rírì sínú omi tí kò ju mítà kan lọ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tí 8 sì dúró fún jíjìn tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ náà bá ti sọ. OM System TG-7, tí ó jáde ní 2023, jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó yéni: àwọn tí ó ṣe é sọ pé ó lè wọ omi dé mítà 15, kí ó já bọ́ láti gíga mítà 2.1, kí ẹrù kílò 100 sì tẹ̀ ẹ́ láìfọ́. Ní Kàdúná, níbi tí òjò ti ń rọ̀ láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá, tí ọyẹ́ sì ń gbé eruku aṣálẹ̀ wá lẹ́yìn náà, nọ́ńbà ti eruku ṣe pàtàkì bí ti omi.

Ṣùgbọ́n onígbèsè ni Àjàlá, ẹni tí ń ta ọjà sì ní ohun tí ó ń wá. Ohun tí nọ́ńbà sọ nìkan ni ó ṣèlérí. Inú omi tí ó dúró jẹ́ẹ́ ni wọ́n ti ń dán ẹ̀rọ tuntun wò, nítorí náà 8 nínú omi kò túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ náà yóò fara da omi tí ń fi agbára tú lù ú, irú èyí tí ó wà nísàlẹ̀ Matsirga, àfi bí nọ́ńbà mìíràn bá jẹ́rìí sí i. Bí ó bá sì jẹ́ tòkunbọ̀ ni, tí kò sí ẹni tí ó mọ ọjọ́ orí rọ́bà inú rẹ̀ tí ń dínà omi, nọ́ńbà ara páálí kò lè jẹ́rìí sí ipò tí ó wà báyìí.

Ààbò náà ní iye tí ó ń gbà. Kí lẹ́ńsì, awò tí ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ, má baà máa yọ síta kí omi sì rí ọ̀nà wọlé, inú àpótí ẹ̀rọ ni wọ́n tò ó sí, èyí sì mú kí ojú tí ń gba ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn lẹ́ńsì kéré gan-an, nǹkan bíi mílímítà 6 ní gígùn. Nídìí èyí, àwòrán tí a bá yà lábẹ́ igi tàbí nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú kì í mọ́ bí ti kámẹ́rà ńlá tí kò lè fara da òjò. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìfaradà gbọ́dọ̀ gbà láti pàdánù díẹ̀ nínú ẹwà.

Yíyàn kò sì parí ní ọjọ́ tí a rà á. Nínú ìgbàgbọ́ Yorùbá, orí tí ó dára ṣì nílò ẹsẹ̀, èyí tí ó dúró fún ìsapá ẹ̀dá. Ifá sọ pé nígbà tí àwọn orí pera jọ láìpe Ẹsẹ̀, ìpinnu wọn kò ṣẹ. Ẹsẹ̀ kámẹ́rà ni ìtọ́jú rẹ̀. Kí a tó pa ilẹ̀kùn kékeré tí ó bo bátìrì dé, ó yẹ kí a wo rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó yí ẹnu rẹ̀ ká, nítorí irun kan ṣoṣo tàbí hóró iyanrìn kan tí ó há síbẹ̀ tó láti la ọ̀nà fún omi. Ó yẹ kí a fi omi tí kò níyọ̀ ṣàn án lẹ́yìn ìlò, kí a má fi ọwọ́ tútù ṣí i, kí a sì pààrọ̀ rọ́bà náà lọ́dọọdún bí àwọn tí ó ṣe é ti dámọ̀ràn, nítorí rọ́bà ń gan bí ó ti ń pẹ́.

Ìsapá yìí kan náà ni ó yẹ kí ó yan ọ̀nà. Bí arìnrìn-àjò bá fẹ́ lọ síbòmíràn yàtọ̀ sí Matsirga, láti Mando ni ọ̀nà ti lọ sí Birnin Gwari, níbi tí ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ Kamuku wà, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ajínigbé ti gba ọ̀nà náà; ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta 2021, wọ́n jí akẹ́kọ̀ọ́ 39 gbé ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan tí ó jẹ mọ́ iṣẹ́ igbó ní Afaka, létí Mando. Ní Afaka náà ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun, NDA, wà, òfin àṣírí ìjọba ti 1962 sì de yíya àwòrán ibi tí ìjọba ń dáàbò bò. Ẹ̀rọ tí kì í fọ́ kò sọ ẹni tí ó gbé e dání di ẹni tí kò lè fara pa, kò sì fún un ní àṣẹ láti ya ohun tí ó bá wù ú.

Nítorí náà, ìdáhùn tí ó bá ọgbọ́n mu ni pé ẹ̀bi yíyàn kò ju ìwọ̀n ohun tí ènìyàn lè wádìí lọ. Ẹni tí ó lè béèrè nọ́ńbà àti ọjọ́ orí rọ́bà, tí kò béèrè, ni yóò ru ẹ̀bi omi tí ó bá wọlé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ní Ọ̀rúnmìlà ní bàbá. Ẹni tí kò sí ibi tí ó ti lè wádìí kò lẹ́bi bẹ́ẹ̀, bí òǹtajà bá sì mọ̀ pé gbàrọgùdù ni ọjà òun, tí ó dákẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹ̀bi náà ń lọ.