Ìbẹ̀rù Ọmọdé àti Òtítọ́ Àgbàlagbà

Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń tọ́ ọmọ rò dáadáa: bí ó bá dá àgbàlagbà kan lójú pé ohun kan ń ba àwọn ọmọdé jẹ́, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ó bu àbùmọ́ sí ẹ̀rí rẹ̀ kí àwọn ènìyàn lè tètè gbà á gbọ́? Ọ̀pọ̀ ni yóò yára dáhùn pé rárá. Ṣùgbọ́n ìtàn àwọn ìwé alàwòrán ẹlẹ́rù ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi hàn pé ìdáhùn náà kò rọrùn fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń gbóná nítorí ọmọdé.

Ní ọdún 1950 ni William Gaines, ẹni tí ó ti ń múra láti di olùkọ́ kẹ́mísírì kí ikú bàbá rẹ̀ tó sọ ọ́ di olówò ìwé, bẹ̀rẹ̀ sí tẹ irú àwọn ìwé bẹ́ẹ̀ jáde ní New York. Sẹ́ǹtì 10 ni ọmọdé fi ń ra ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tales from the Crypt ni ó lókìkí jù nínú wọn. Òkú a máa jí dìde láti gbẹ̀san lára ẹni tí ó pa á. Ọ̀dàlẹ̀ a máa já sínú kòtò tí òun fúnra rẹ̀ gbẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rù nìkan ni ó wà níbẹ̀. Olùpìtàn mẹ́ta, arúgbó jákujàku méjì àti àjẹ́ kan, ni ń ṣe atọ́kùn ìtàn. Wọn a máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, wọn a máa fi ikú dápàárá, wọn a sì máa bá òǹkàwé sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àlejò wọn ni. Ọmọ tí ń kà á yóò wárìrì, yóò sì bú sẹ́rìn-ín lójú ewé kan náà. Ẹ̀rín yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń bẹnu àtẹ́ lu ìwé náà kò kà sí, bẹ́ẹ̀ sì ni òun gan-an ni ó ń sọ fún ọmọ pé eré ni. Olùkọ́ tí ó bá ti ka ìjà àwọn iwin inú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938, sétí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀.

Bí ó ti wù kí ó rí, kò yẹ kí a máa ṣe bí ẹni pé kò sí àbùkù nínú wọn. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin ọdún 1954, ìgbìmọ̀ kan láti Ilé Aṣòfin Àgbà Amẹ́ríkà gbọ́ ẹ̀rí Gaines. Aṣòfin Kefauver gbé ìwé kan sókè: lójú èèpo rẹ̀, ọkùnrin kan di àáké mú lọ́wọ́ kan, ó sì di orí obìnrin tí a ti bẹ́ mú lọ́wọ́ kejì. Ó béèrè bóyá ohun tí ó bójú mu ni. Gaines fèsì pé ó bójú mu fún ìwé ẹlẹ́rù, pé ohun tí ì bá burú ni kí a gbé orí náà ga sí i kí ẹ̀jẹ̀ máa kán níbẹ̀. Èsì aláìnírònú ni. Olùkọ́ tí ó bá gba irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ ọdún 8 kò ṣẹ̀.

Ẹni tí ó léwájú nínú ìjà náà ni Fredric Wertham, oníṣègùn àrùn ọpọlọ tí a bí ní Jámánì. Kì í ṣe ìkà ènìyàn rárá. Ní 1946 ó bá wọn dá ilé ìwòsàn kan sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ilé ìjọsìn kan ní Harlem, fún àwọn aláwọ̀ dúdú tí kò rí oníṣègùn mìíràn tọ̀ lọ. Sẹ́ǹtì 25 ni owó ìwòsàn níbẹ̀. Ó jẹ́rìí nílé ẹjọ́ ní Delaware pé yíya ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ dúdú sọ́tọ̀ ń pa ọkàn ọmọ lára, ẹjọ́ náà sì wà lára àwọn tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ dá ní oṣù karùn-ún ọdún 1954. Ní ọdún kan náà ni ó tẹ Seduction of the Innocent jáde, ìwé tí ó fi di ẹ̀bi ìwà ọ̀daràn àwọn ọmọdé ru ìwé alàwòrán.

Ìpayà gba ìlú. Ní Glasgow, ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé ya wọ itẹ́ òkú kan, wọ́n ń wá òkú amùjẹ̀ eléyín irin tí wọ́n gbọ́ pé ó ti pa ọmọ méjì jẹ. Kò sí ọmọ kankan tí ó sọnù. Àwọn àgbà ní ìwé alàwòrán Amẹ́ríkà ni ó fà á. Lẹ́yìn náà ni àwọn olùwádìí rán wọn létí pé ẹranko eléyín irin wà nínú ìwé Dáníẹ́lì orí 7, àti pé ewì kan nípa arúgbó obìnrin eléyín irin wà lára ohun tí a ń kọ́ àwọn ọmọ nílé-ẹ̀kọ́. Ní 1955, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin láti dá irú ìwé ẹlẹ́rù bẹ́ẹ̀ dúró.

Ó tó ọdún 2012 kí Carol Tilley, olùkọ́ ní yunifásítì Illinois, tó kéde ohun tí ó rí nínú àwọn àkọsílẹ̀ tí Wertham fi sílẹ̀. Wertham ti yí ọjọ́ orí àwọn ọmọ kan padà, ó ti da ọ̀rọ̀ ọmọ púpọ̀ pọ̀ bí ẹni pé ẹnì kan ni ó sọ ọ́, ó sì ti fo àwọn ìṣòro mìíràn tí ó wà nínú ayé wọn dá.

Àwọn kan yóò sọ pé irọ́ kékeré ni èyí jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ire ńlá. Èrò yìí kò ro ti ọmọ náà mọ́ ọn. Ọmọ tí ó sọ tẹnu rẹ̀ fún oníṣègùn ti jẹ́rìí. Ẹni tí ó bá yí ẹ̀rí náà ti gba ohùn rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tí ó tún burú jù ni pé bí ọmọ kan bá ń jìyà nílé, tí àkọsílẹ̀ sì sọ pé ìwé sẹ́ǹtì 10 ni àrùn rẹ̀, a ó jó ìwé náà, ọmọ yóò sì padà sílé sínú ìyà kan náà. Olùkọ́ tí ń kọ ìròyìn nípa ọmọ aláìgbọràn sínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ń di irú agbára bẹ́ẹ̀ mú lọ́wọ́, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ pè é ní ẹlẹ́rìí.

Àwọn tí ń tẹ ìwé alàwòrán fúnra wọn gbé òfin kalẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 1954, èyí tí kò kásẹ̀ nílẹ̀ tán títí di 2011. Ó lé òkú tí ń rìn àti òkú amùjẹ̀ kúrò nínú ìwé. Kódà, ó ka ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ìpayà léèwọ̀ nínú àkọlé. Wertham pàápàá kò tẹ́wọ́ gbà á. Nígbà tí Gaines fẹ́ tún ìtàn kan tẹ̀, èyí tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1953, nípa arìnrìn-àjò ojú sánmà tí ó lọ sí ayé àwọn ẹ̀rọ abìrìn níbi tí àwọn aláwọ̀ ọsàn ti ń rẹ́ àwọn aláwọ̀ búlúù jẹ, alábòójútó òfin náà ní kí wọ́n yí àwòrán ìkẹyìn padà, nítorí pé nígbà tí ọkùnrin náà ṣí akoto rẹ̀, ènìyàn dúdú ni. Gaines kọ̀. Ní 1956 ó tẹ̀ ẹ́ bí a ti yà á gan-an, kò sì tẹ ìwé alàwòrán irú rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn èyí.