Ṣé Oore Ọ̀fẹ́ Ní Gbèsè Nínú?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú kámpọ́ọ̀sì. Ìbéèrè kan ló ń jẹ mí lọ́kàn: bí ènìyàn bá ṣe oore fún ẹlòmíràn lọ́fẹ̀ẹ́, tí oore náà wá di ìbàjẹ́ sí i lọ́wọ́, ṣé ó jẹ gbèsè? Àbí ọ̀fẹ́ tí oore náà jẹ́ ti tó láti fi dá a láre?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe kàn mí.

Alábàágbé mi ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ní tábúlẹ́ẹ̀tì kan, irú èyí tí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ṣeé yọ. Tòkunbọ̀ ni. Windows 10 ló wà nínú ẹ̀, àyè ìpamọ́ rẹ̀ jẹ́ 32GB, RAM rẹ̀ sì jẹ́ 2GB péré. Bí ẹ bá tàn án láàárọ̀, ẹ lè lọ wẹ̀ kẹ́ ẹ sì padà dé kó tó ṣe tán. Nígbà tó wá di ọjọ́ 14 oṣù October 2025 tí Microsoft dẹ́kun àtìlẹ́yìn fún Windows 10, mo rí àwáwí tí mo ti ń wá. Mo sọ fún un pé, "Jẹ́ kí n bá ẹ fi Linux sí i. Ọ̀fẹ́ ni. Á máa sáré bí ẹtu." Ó ní, "Ṣé o mọ̀ ọ́n ṣe ṣá?" Mo dá a lóhùn pé, "Má ṣèyọnu jàre. Mo mọ̀ ọ́n."

Ẹ fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn sọ́kàn: mo mọ̀ ọ́n. À ń padà bọ̀ wá bá wọn.

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ti fi Linux sí kọ̀ǹpútà rí, laptop tèmi náà ni, ohun gbogbo sì lọ geere. Ohun tó bá lọ geere kì í kọ́ èèyàn ní nǹkan púpọ̀. Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan ni mo gbé tábúlẹ́ẹ̀tì náà síwájú. Mo fi kéébù OTG so filáàṣì tí mo kó Ubuntu sí mọ́ ọn, mo pa Secure Boot, mo tún un tàn. Kò rí filáàṣì náà rárá, àfi bí ẹni pé mi ò fi nǹkan kan sí i. Mo pààrọ̀ kéébù. Mo pààrọ̀ filáàṣì. Mo tún Ubuntu kó sí i lẹ́ẹ̀mejì. Ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ ń fi lélẹ̀.

Nígbà tó máa fi di aago méjì òru ni mo tó rí ìdí ẹ̀ kà. Àwọn tábúlẹ́ẹ̀tì kan wà tí purosẹ́sọ̀ Atom wọn lè ṣe iṣẹ́ 64-bit, ṣùgbọ́n UEFI tó ń jí wọn lójú oorun jẹ́ 32-bit. Fáìlì tó ń jẹ́ bootia32.efi ni UEFI yìí máa ń wá lórí filáàṣì, bootx64.efi nìkan ló wà lórí tèmi. Ńṣe ló dà bí ìgbà téèyàn lọ kí ọlọ́lá kan nílé. Baálé ilé gbọ́ èdè méjì, ṣùgbọ́n máígáàdì tó wà lẹ́nu géètì, ẹyọ èdè kan ló gbọ́. Bí o bá gbọ́ èdè tó wu baálé tó, o ò ní wọlé. Àwọn tó ń ṣe Debian ti ń ro ti irú máígáàdì yìí láti ìgbà Debian 8 tó jáde ní 2015. Mo bá sáré lọ yá Debian 11 lọ́wọ́ ọmọ yàrá kejì, mo fi sí i, ó sì ṣí! Mo pariwo débi pé wọ́n kanlẹ̀kùn pé kí ni mo rí.

Inú ayọ̀ yẹn gan-an ni mo ti ṣìṣe. Nígbà tó bi mí bóyá kí òun lo gbogbo dísíìkì, mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti bi alábàágbé mi ní ìrọ̀lẹ́ pé, "O ti kó àwọn fáìlì ẹ síta?" Ibi tó ti ń wo bọ́ọ̀lù ló ti dáhùn pé, "Ó ti pẹ́." Fọ́tò àti ìwé léṣọ̀ ló ní lọ́kàn. Mi ò ṣí i wò.

Ilẹ̀ mọ́. Ojú tábúlẹ́ẹ̀tì dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, torí òòró ni wọ́n ṣe gíláàsì rẹ̀ láti ilé. Wi-Fi kò sí, torí Debian 11 kì í kó firmware tí irú káàdì yẹn nílò mọ́ra; Debian 12 tó jáde ní 2023 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú ẹ̀ sínú èyí tí wọ́n fi ń install. Èyí tó burú jù ni pé lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, gbogbo ẹ̀ á dì gbagidi. Mo ṣì ń wò ó bẹ́ẹ̀ nígbà tí alábàágbé mi jí, tó nu ojú, tó bèèrè pé, "Níbo ni ìwé àjọ màmá mi wà?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ikùn mi dà rú.

Alájọ ni màmá ẹ̀ lọ́jà. Àwọn bí ogójì oníbàárà ló ń dá owó sọ́wọ́ wọn lójoojúmọ́. Bí oṣù bá parí, màmá á yọ owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ wọn, wọ́n á sì kó ìyókù fún olówó. Gbogbo wa la gbọ́ ìtàn alájọ Ṣómólú tí wọ́n ní kò lo ìwé, kò lo bírò, síbẹ̀ tí kì í ṣì owó fún ẹnikẹ́ni. Màmá kì í ṣe alájọ Ṣómólú. Ọmọ wọn ló ń bá wọn kó o sínú Excel, orí tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn nìkan ló sì wà. Mo fi PhotoRec wá fáìlì náà títí. Èyí tó rí gbé jáde kò ṣeé kà.

Ibí ni ìbéèrè mi ti bẹ̀rẹ̀.

Àwáwí àkọ́kọ́ tó wá sí mi lọ́kàn, inú Linux fúnra rẹ̀ ni mo ti rí i. Ìwé àṣẹ tí Linux ń lò, GPL ẹ̀dà kejì, tó jáde ní 1991, sọ ọ́ láìfi bò pé níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ ọ̀fẹ́ la gbà á láti lò, kò sí ìdúró kankan lórí ẹ̀, débi tí òfin bá gbà dé. Bí ó bá bàjẹ́, ìwọ tó lò ó lo máa ru ìnáwó àtúnṣe. Mo wá ní, ṣebí ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn? Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó ṣe Linux kò dúró fún un, èmi ọmọ 300 level ni màá wá dúró? Mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Oorun mi ni mo fi ṣe é, dátà mi sì ni.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ọ̀rẹ́ wa kan tó ń kọ́ nípa òfin. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òfin pàápàá kì í yọ ẹni tó bá gba ẹrù ẹlẹ́rù lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìtọ́jú ẹrù ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. Mo ní, "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́!" Kò rí èsì fọ̀ sí ìyẹn, èmi náà kò sì rí. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Bí gbogbo oore bá ní gbèsè nínú, oníkálukú á jókòó sí yàrá ẹ̀, á ti ilẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún GPL yẹn kà, mo rí ohun tí mi ò rí tẹ́lẹ̀. Ìwé àṣẹ náà kò dúró di ìgbà tí nǹkan bàjẹ́ kó tó sọ pé kò sí ìdúró. Ó ti sọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá mú un ti mọ ohun tó mú. Linus Torvalds fúnra rẹ̀, nígbà tó ń kéde Linux ní August 1991, akẹ́kọ̀ọ́ ẹni ọdún 21 ni ní Yunifásítì Helsinki, ó sì sọ fáwọn èèyàn pé nǹkan ìgbafẹ́ lásán lòun ń ṣe. Kò sọ pé òun mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyẹn o. Kì í ṣe owó ló ń bí gbèsè. Bí mo bá ti sọ fún alábàágbé mi pé, "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ṣe é rí, gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ sì lè lọ," ó dá mi lójú pé á dìde nídìí bọ́ọ̀lù yẹn, á rántí ìwé àjọ. "Mo mọ̀ ọ́n" tí mo sọ ló gba ìṣọ́ra lọ́wọ́ ẹ̀. Ohun tí mo jẹ ẹ́ kì í ṣe tábúlẹ́ẹ̀tì, ìṣọ́ra ẹ̀ ni. Ẹyin lohùn, bó bá ti balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ẹnìkan lè sọ pé òun náà jẹ̀bi, ṣebí ó ní òun ti kó fáìlì síta. Mo gbà, ó ní ìpín tiẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni mo mọ̀ pé "gbogbo dísíìkì" kì í fi nǹkan kan sílẹ̀. Ẹni tó mọ ibi tí kòtò wà tí kò sì nawọ́ sí i, ẹ̀bi tiẹ̀ ju ti ẹni tó kó sínú ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá jẹ́wọ́ ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, irọ́ ti wà lẹ́nu mi. Mo ti to ó jọ: "Tábúlẹ́ẹ̀tì yìí ti ń kú tẹ́lẹ̀. Memory ẹ̀ ló jẹ." Kò sí bí ì bá ṣe mọ̀. Nínú yàrá yẹn, èmi nìkan ni mo lè ka ohun tí ẹ̀rọ náà ń sọ. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù títí di ìsinsìnyí nìyẹn: ìmọ̀ táwọn tó yí wa ká kò ní, òun ló ń jẹ́ kí irọ́ wa rọrùn. Mẹ́káníìkì, dókítà, lọ́yà, àtàwa ọmọ kọ̀ǹpútà, ibi kan náà la dúró sí.

Ohun tó gbà mí kì í ṣe ìwà mímọ́. Mo fẹ́ bèèrè ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n kan tó mọ Linux dáadáa, ìbéèrè tó sì kọ́kọ́ bi mí lórí fóònù ni pé, "Kí lo ṣe gbẹ̀yìn kó tó bàjẹ́?" Kò sẹ́ni tó lè tún ẹ̀rọ ṣe tí kò ní kọ́kọ́ bèèrè bẹ́ẹ̀. Tó o bá purọ́ sí ìbéèrè yẹn, ibi tí kò jẹ́ nǹkan kan lẹ ó máa tún ṣe kiri. Bí mo ṣe ń ka ohun tí mo ṣe fún ẹ̀gbọ́n yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, alábàágbé mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, ó ń gbọ́. Bó ṣe gbọ́ òtítọ́ nìyẹn. Kò bú mi. Ó kàn dákẹ́, ìyẹn sì burú ju èébú lọ.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, àwa méjèèjì jọ lọ bá màmá lọ́jà. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀, mo ṣàlàyé. Màmá wò mí títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé o mọ̀ ọ́n ni, àbí o ń kọ́ ọ?"

Mo ní, "Mò ń kọ́ ọ ni, mà."

Wọ́n ní, "Kò burú. Ẹni tó bá ń kọ́ṣẹ́, kó wí. Ǹ bá fún ẹ ní èyí tó lè bàjẹ́."

Káàdì wà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà. Sátidé méjì la fi lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, tí mò ń da káàdì kọ sínú ìwé gbọọrọ. Àwọn méjì ti sọ káàdì nù. Màmá ní kí wọ́n sọ iye tí wọ́n rò pé ó jẹ́, iye tí wọ́n sọ náà ni wọ́n sì kọ. Mo bi wọ́n lójú ọ̀nà pé bí wọ́n bá parọ́ ńkọ́. Wọ́n ní, "Ìdí tí wọ́n fi ń kówó fún èmi náà nìyẹn." Ọ̀kan nínú iye méjèèjì yẹn ju ohun tí alábàágbé mi rántí lọ. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í san ìyàtọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé màmá kò bèèrè.

Tábúlẹ́ẹ̀tì náà ti jí báyìí. Ìlà kan, intel_idle.max_cstate=1, ni ẹ̀gbọ́n yẹn ní kí n fi kún ohun tó ń kà nígbà tó bá ń tàn, kò sì dì mọ́. Firmware Wi-Fi, orí kọ̀ǹpútà mìíràn ni mo ti gbà á. Ojú ẹ̀ náà ti dìde dúró. Ìwé àjọ wà lórí ẹ̀, ó wà lórí filáàṣì, ó sì wà nínú ìwé gbọọrọ lábẹ́ ìrọ̀rí màmá.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, èsì tèmi rèé. Oore ọ̀fẹ́ kò ní gbèsè nínú. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń gbé oore kalẹ̀ ló ní in. Ẹ má tìtorí èyí kọ̀ láti ran ara yín lọ́wọ́ o. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnìkan bá bi yín pé ṣé ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ rántí pé ìdáhùn mìíràn wà, kò sì tini lójú: mò ń kọ́ ọ.