Ìdí Tí Awo Fi Ń Dífá Lọ́rọọrún

Àwọn àgbà ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Òun ló mú kí babaláwo máa dífá lọ́rọọrún. Òwe yìí kò pe Ifá àná ní irọ́. Ohun tó ń wí ni pé ayé tí Ifá àná bá sọ̀rọ̀ lè ti yí padà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá kọ̀ǹpútà kan ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, kó fi òwe náà sọ́kàn.

Ẹyọ mẹ́jọ ló wà lára ọ̀pẹ̀lẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè dojú dé tàbí kó ṣíjú sókè. Ọ̀nà 256 ni wọ́n lè gbà balẹ̀, odù 256 náà sì nìyẹn. Kò sí bó ṣe lè balẹ̀ tí kò lórúkọ. Irú rẹ̀ làwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń gbìyànjú láti ṣe. Wọ́n á ya àwòṣe ẹ̀rọ sórí ìwé, wọ́n á ka gbogbo ipò tó lè wà: ó ń ṣiṣẹ́, apá kan ti kú, gbogbo rẹ̀ ti dákẹ́, wọ́n ń tún un ṣe. Wọ́n á wá ṣírò bó ṣe ń ti ipò kan bọ́ sí òmíràn. Andrey Markov, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ló fi ìpìlẹ̀ irú ìṣirò yìí lélẹ̀ ní 1906.

Bí ẹ̀rọ kan bá ń kùnà lẹ́ẹ̀kan nínú ìgbà 100, tí a wá fi èkejì dúró tì í, ìṣirò á ní ẹ̀ẹ̀kan péré nínú ìgbà 10,000 ni méjèèjì máa kùnà pọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, àmọ́ ó ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ohun tó pa ọ̀kan kò ní í pa èkejì.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 1996, àwọn ará Yúróòpù fi rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane 5 ránṣẹ́ sójú ọ̀run láti Kourou. Kọ̀ǹpútà méjì ló ń wọn ìrìn rẹ̀, ètò kan náà ló sì wà nínú méjèèjì, èyí tí wọ́n mú láti ara Ariane 4. Àmọ́ eré Ariane 5 ju ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Iye kan tóbi ju àyè tí wọ́n là sílẹ̀ fún un. Kọ̀ǹpútà adúródeni ló kọ́kọ́ kú, àgbà rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Rọ́kẹ́ẹ̀tì náà kò lò tó ìṣẹ́jú kan lófuurufú kó tó fọ́ yángá. Ẹ̀ṣọ́ méjì ni wọ́n fi ṣọ́lé, àwo kan náà ni wọ́n ti jẹ májèlé. Ifá tí wọ́n dá fún Ariane 4 ni wọ́n fi rán Ariane 5 nírìn-àjò.

Ti ààbò tún le ju èyí lọ. Ìpáàrà tó ń jẹ irin kò mọ ìgbà tí onílé sùn. Olè mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí Bruce Schneier, onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà, fi ṣàlàyé igi ìkọlù ní 1999: ohun tí olè ń wá ló wà lókè, ẹ̀ka igi ni ọ̀nà tó lè gbà débẹ̀, a ó sì kọ ohun tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan máa ná an sí i lára.

Babaláwo kì í dífá tán kó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká láìsọ̀rọ̀ ẹbọ. Àwòṣe tó fi ibi tó sán hàn wá, tí a ò dí i, òwò òfo ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ẹ̀rọ báńkì àti ti ilé ìwòsàn, ọjọ́ tí ẹ bá pààrọ̀ ohun kan lára rẹ̀, tàbí tí ẹ gbé e lọ síbi iṣẹ́ tuntun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún Ifá dá.