Ojú ni Ọ̀rọ̀ Wà



Àwọn baba wa a máa wí pé ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Bí a bá fi òwe yìí wo iṣẹ́ ọwọ́ Ẹlẹ́dàá wa, a ó rí i pé òtítọ́ gan-an ni. Nítorí kì í ṣe etí nìkan ni ènìyàn fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ní ọdún 1976, ọ̀mọ̀wé méjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Harry McGurk àti John MacDonald, fi àwòrán obìnrin kan tí ń sọ̀rọ̀ han tọmọdé-tàgbà. Ètè rẹ̀ ń wí pé “ga”, ṣùgbọ́n ohùn tí a fi sí i ń wí pé “ba”. Àwọn àgbà tí ń wò ó kò gbọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. “Da” ni wọ́n gbọ́. Ọpọlọ wọn ti so ohun tí ojú rí mọ́ ohun tí etí gbọ́, láìbéèrè lọ́wọ́ wọn. Nínú ìdáhùn 100 láti ẹnu àwọn àgbà, 98 ni ó rí bẹ́ẹ̀. Láti ẹnu àwọn ọmọ ọdún 7 àti 8, 64 péré ni. Èyí fi hàn pé ìsopọ̀ yìí kì í pé ní ọjọ́ kan. Ó ń dàgbà pẹ̀lú ọmọ. Nítorí náà, kí olùkọ́ tí ó kọ ẹ̀yìn sí kíláàsì má ṣe yára pe ọmọ tí ó ṣì í gbọ́ ní olóríkunkun.

Nígbà tí ogbó bá sì dé, ojú a ṣe bàìbàì, etí a wúwo, ṣùgbọ́n ìsopọ̀ náà kì í kú. Àwọn olùwádìí ti rí i pé nígbà tí ìmọ́lẹ̀ àti ìró bá dé pọ̀, arúgbó a máa jèrè níbẹ̀ ju ọ̀dọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ariwo tí kò kan ọ̀rọ̀ náà a máa tètè dà á rú.

Ẹ rántí Ísáákì ní ogbó rẹ̀. Etí rẹ̀ jẹ́rìí pé Jákọ́bù ni. Ọwọ́ rẹ̀, tí ó kan awọ ewúrẹ́, jẹ́rìí pé Ésáù ni. Kò sì sí ojú mọ́ tí yóò làjà láàrin ẹ̀rí méjèèjì. Báyìí ni ọmọ bíbí inú rẹ̀ ṣe fi àìríran baba rẹ̀ tàn án jẹ.

Ǹjẹ́ àwa ńkọ́? A ń dúró lẹ́yìn ilé ké sí ìyá àgbà, a sì ń wí pé Màmá kò gbọ́ràn mọ́. A ń ka ẹ̀kọ́ nínú ilé Ọlọ́run pẹ̀lú orí tí a tẹ̀ mọ́ ìwé, àwọn àgbà sì ń lọ sílé láìgbọ́ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí a lọ síwájú wọn, kí ìmọ́lẹ̀ mọ́ sí wa lójú, kí a pa ariwo, kí a sì rọra sọ̀rọ̀. Ìkúnlẹ̀ tí àṣà wa ń bèèrè kì í ṣe ọ̀wọ̀ nìkan. Ó ń mú ojú wa súnmọ́ ojú ẹni tí ó jókòó.

Orí 19 nínú ìwé Léfítíkù kan náà tí ó kọ̀ fún wa láti fi ohun ìkọ̀sẹ̀ síwájú afọ́jú, ni ó pàṣẹ pé kí a bọ̀wọ̀ fún arúgbó. Kí Olúwa má ṣe jẹ́ kí a kọ ẹ̀yìn sí àwọn tí ń fi ojú wa gbọ́ ọ̀rọ̀. Àmín.