Ọ̀nà Tí Ọlọ́run Fi Han Oyin

Lọ́dún méjì sẹ́yìn, mo ṣí àpótí oyin mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà lẹ́bàá oko kòkó mi ní Ìdànrè, n kò bá òkú kankan níbẹ̀. Afárá wà, ọmọ oyin wà nínú ihò wọn. Àwọn tó ń lọ wá oúnjẹ ni kò sí. Wọ́n jáde, wọn kò padà. Ọjọ́ kẹta tí a fín oògùn apakòkòrò sí kòkó ni.

Ká ní mo bá òkú wọn, ǹ bá ní mo ṣèèṣì ni, kí n tọrọ àforíjì. Òfo inú àpótí yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Láti ilé kéwú ni mo ti mọ̀ pé oyin ni Súrà kẹrìndínlógún ń jẹ́, pé Ọlọ́run fúnra Rẹ̀ ló kọ́ oyin ní ibi tí yóò kọ́lé sí, ohun tí yóò jẹ, àti ọ̀nà tí yóò máa tọ̀. Ọ̀nà! Òun gan-an ni oògùn ń gbà lọ́wọ́ wọn. Lọ́dún 2012, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Faransé lẹ ẹ̀rọ tín-ín-tín mọ́ oyin lẹ́yìn, wọ́n fún wọn ní thiamethoxam, ọ̀kan nínú oògùn apakòkòrò, ní ìwọ̀n tí kò tó pa wọ́n. Púpọ̀ nínú wọn kò délé mọ́. Ní 2018, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de lílo oògùn náà àti méjì irú rẹ̀ ní oko gbangba. Kì í ṣe oògùn nìkan ló ń dín oyin kù ṣá: kòkòrò Varroa wà níbẹ̀, igbó tí a ń gé wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi mọ ohun tí mo fín.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní mọ́ṣáláṣí ní àníyàn ni Ọlọ́run ń wò, pé kòkòrò tó ń fa omi èso kòkó mu ni mo dójú sọ. Ó tilẹ̀ ní òdòdó kòkó kò nílò oyin kó tó di èso, pé kòkòrò wínníwínní kan tó ń fò bí ẹ̀fọn ló ń bá a ṣe é. Òótọ́ ni. Àmọ́ wọ́n kọ ọ́ sára agolo oògùn náà pé kí a má fín in nígbà tí oyin bá wà níta. Mo kà á. Ẹni tó ń bá mi fín in ní àárọ̀ nìkan lòun ráyè, mo ní kó máa bọ̀. Àníyàn wo ni kí n wá fi gbèjà ara mi?

Rákáà mẹ́tàdínlógún lójúmọ́ ni mo fi ń bẹ Ọlọ́run pé kó tọ́ mi sọ́nà. Bí mo bá débẹ̀ nínú Fátíà báyìí, ohùn mi a lọ sílẹ̀. Kí èèyàn gba ọ̀nà ilé lọ́wọ́ ẹ̀dá tí Ọlọ́run fi í hàn, iṣẹ́ ta ni ìyẹn jọ?

Ó ti di ìrọ̀lẹ́, kí Mágíríbì tó wọlé, kí a tó fín báyìí. Oyin ti wọ àpótí kan padà. Méjì ṣì ṣófo.