Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Gbọ́ Ẹjọ́ Tọkọtaya?

Ẹ̀yin ìyá àti arábìnrin wa, láti Igbóbì sí Yunifásítì Èkó ní Akọkà kò jìnnà. Níbẹ̀ ni a ti lè gba oyè ìjìnlẹ̀ kejì nínú ìmọ̀ ìgbaninímọ̀ràn. Àwọn kan ń bèèrè pé kí ni ìwé fẹ́ ṣe nínú ọ̀rọ̀ tọkọtaya. Ṣebí àwọn àgbà ti ń parí ìjà kí yunifásítì náà tó dé ní 1962?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ìyàwó kan bá sunkún níwájú àgbà lónìí, ẹni mélòó ni yóò ti gbọ́ kí ó tó di Ọjọ́ Ìsinmi? Wọn a ní nítorí àdúrà ni. Òfin ìgbéyàwó ti 1970 pàápàá sọ pé ohun tí tọkọtaya bá sọ níwájú onílàjà tí adájọ́ yàn, kóòtù kò gbọdọ̀ gbà á ní ẹ̀rí.

Lójú tiwa, ohun tó le jù nínú ẹ̀kọ́ yìí ni kí a gbọ́ kí a dákẹ́, kí a má sì gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Àwa tí a jẹ ìrẹsì ìgbéyàwó wọn, ǹjẹ́ a lè ṣe é? Bí ọmọbìnrin wa bá ní òun fẹ́ lọ kọ́ ọ, ẹ jẹ́ kí ó gba fọ́ọ̀mù, bí kò tilẹ̀ tíì lọ́kọ.